Iṣẹ́ fún Aláàbọ̀ Ara: Ohun tí Òfin Ìjọba Wí, àti Ibi tí Ó ti Kan Ẹgbẹ́ Wa

Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, a máa ń ṣàlàyé òfin àti ìlànà tí ó kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún àwọn aláàbọ̀ ara: afọ́jú, adití, arọ, ẹni tí ó pàdánù apá tàbí ẹsẹ̀, àti ẹni tí àìsàn ọpọlọ ti bá jà rí. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn ti wà láti ọdún 2019. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ nípa rẹ̀ lórí rédíò. Díẹ̀ ni ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ pé ó kan ẹgbẹ́ wa tún kéré ju ìyẹn lọ.

Kókó ọ̀rọ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ. Òfin lè pàṣẹ fún ọ́fíìsì ìjọba pé kí ó gba aláàbọ̀ ara sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kò ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì. Wọ́n wà ní ọjà, wọ́n wà ní oko, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ àti ti bàtà. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, owó ìdókòwò ni ó ń wá, kì í ṣe ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ibi tí ó sì ti lè rí owó yá tí kò jìnnà sí i ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí àwa bá ti ìlẹ̀kùn tiwa mọ́ ọn, ọ̀nà wo ni òfin tí wọ́n ṣe ní Àbújá yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

TA NI ÒFIN Ń PÈ NÍ ALÁÀBỌ̀ ARA?

Kí òfin yìí tó dé, Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ti sọ ní abala 42 pé a kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀yà, ibi tí a bí ènìyàn sí, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn, tàbí èrò òṣèlú fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Kò dárúkọ àbùkù ara. Àlàfo yìí ni àwọn ẹgbẹ́ aláàbọ̀ ara fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ìjọba sọ, kí Ààrẹ Muhammadu Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun náà ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2019. Òfin ọdún 2018 ni wọ́n ń pè é, nítorí ọdún yẹn ni ó wà lára orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó kà léèwọ̀ ni kí a máa ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ tàbí kí a fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú nítorí ara rẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí òfin náà ti là á sílẹ̀, aláàbọ̀ ara ni ẹni tí ara, ojú, etí, ọpọlọ tàbí òye rẹ̀ ní àbùkù ọlọ́jọ́ pípẹ́, tí àbùkù náà pẹ̀lú àwọn ìdènà tí ó wà láwùjọ kò sì jẹ́ kí ó lè bá ẹgbẹ́ pé. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Kì í ṣe àbùkù nìkan ni òfin ń wò, ó ń wo ìdènà pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn kò lè wọ gbọ̀ngàn ìpàdé tí àtẹ̀gùn mẹ́fà wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ṣeé tún ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni à ń sọ. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sọ ọ̀pọ̀ ọmọdé di arọ láyé àtijọ́. Ní oṣù Ògún ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ẹ̀yà àrùn náà tí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó bá jà nígbà náà ti di baba àti ìyá, wọ́n sì ń bọ́ ọmọ. Yàtọ̀ sí wọn, jàǹbá mọ́tò ń gé ni lẹ́sẹ̀, rọpárọsẹ̀ ń mú ni lápá kan, àtọ̀gbẹ ń gba ojú lọ́wọ́ ẹni tí ó ríran títí ó fi pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ní ìpàdé oṣù yìí kò mọ ohun tí ìpàdé ọdún tí ń bọ̀ yóò bá lára rẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

A kò lè ka gbogbo abala rẹ̀ síhìn-ín. Àwọn tí ó kan iṣẹ́ àti ìpàdé wa ni ìwọ̀nyí:

(a) Abala 28 sọ pé aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ bí ẹlòmíràn, kí ó yan iṣẹ́ tí ó wù ú, kí ó sì fi jẹun. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀tọ́ yìí dù ú, tí ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi, owó tí yóò san kò gbọdọ̀ dín ní ₦250,000. Bí ó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, kò gbọdọ̀ dín ní ₦500,000, ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀ràn náà yóò sì san ₦50,000 tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé aláàbọ̀ ara tí a ṣẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọn yóò san owó náà fún.

(b) Abala 29 sọ pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba rí i pé, níwọ̀n bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, aláàbọ̀ ara kò dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún (5%) àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Èyí ni pé níbi tí òṣìṣẹ́ 40 bá wà, ó yẹ kí 2 jẹ́ aláàbọ̀ ara. Níbi tí 200 bá wà, ó yẹ kí 10 jẹ́ aláàbọ̀ ara.

(d) Òfin fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún ẹnu ọ̀nà, àtẹ̀gùn àti ilé ìtura wọn ṣe kí aláàbọ̀ ara lè lò wọ́n. Ọdún 5 náà pé ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2024. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ tí à ń háyà fún ará ìlú fún ìnáwó, ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ni.

(e) Níbi tí a bá ti ń tò, aláàbọ̀ ara ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá lóhùn.

(ẹ) Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi aláàbọ̀ ara ṣagbe, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ máa mú un káàkiri ìta gbangba láti fi tọrọ owó.

(f) Òfin náà dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀ láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ wọn, kí ó máa gba ẹ̀sùn, kí ó sì máa rí i pé òfin ń ṣiṣẹ́. Ọdún 2020 ni ìjọba yan olórí àkọ́kọ́ fún àjọ náà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ ṣáájú, ní ọdún 2011, ó sì dá ọ́fíìsì tí à ń pè ní LASODA sílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà ti ṣe tiwọn. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan béèrè èyí tí ó wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀.

ÒFIN NÌKAN KÒ TÓ

Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìdá márùn-ún tí a sọ yẹn, ilé iṣẹ́ ìjọba nìkan ni ó kàn. “Níwọ̀n bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó” tí wọ́n sì fi sí i, àwáwí wà nínú rẹ̀ fún ọ̀gá tí kò bá fẹ́ ṣe é. Owó ìtanràn inú abala 28 kò lè jáde bí kò bá sí ẹjọ́, ẹjọ́ kò sì ṣeé ṣe láìsí owó mọ́tò, owó lọ́yà àti àkókò. Mélòó nínú àwọn tí a fi iṣẹ́ dù ni ó ní mẹ́ta yìí?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí púpọ̀ nínú òfin wa àti ìlànà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti ṣẹ̀ wá, ti gba ọ̀nà yìí kọjá ṣáájú wa. Ní ọdún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń ti ojú ogun bọ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ lára, wọ́n ṣe òfin pé agbanisíṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní aláàbọ̀ ara tí iye wọn tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún (3%). Wọ́n tún ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀ fún wọn: wíwa ẹ̀rọ agbéniròkè nínú ilé alájà púpọ̀, àti ṣíṣọ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kò pé iye tí òfin dá, ìjọba kì í sì sábà pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọdún 1995 wọ́n fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀, bí tiwa ti rí lónìí.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní ni pé iye tí òfin dá kò wúlò bí kò bá sí ẹni tí ń kà á. Èkejì ni pé ó léwu kí a jókòó yan iṣẹ́ fún aláàbọ̀ ara láìbi í léèrè, nítorí iṣẹ́ tí kò lérè ni a sábà máa ń yàn fún un. Kì í ṣe gbogbo afọ́jú ni ó fẹ́ hun apẹ̀rẹ̀. Afọ́jú mìíràn fẹ́ ta ẹyin, òmíràn fẹ́ jẹ́ olùkọ́, òmíràn fẹ́ máa ra kòkó.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI KAN ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ

Ní ọdún 2010 ni orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé méjì tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ni àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Abala 27 rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́. Ó ní kí ìjọba ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ láti dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dárúkọ ìdàgbàsókè ẹgbẹ́ àfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Èkejì ni àdéhùn 159 tí ILO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣe ní ọdún 1983. Ìmọ̀ràn 168 tí ó bá a rìn gba ìjọba níyànjú pé kí wọ́n ṣètìlẹ́yìn fún ẹgbẹ́ àfọwọ́sowọ́pọ̀ tí àwọn aláàbọ̀ ara dá sílẹ̀, kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ yòókù bí ó bá yẹ. Nítorí náà, a kò pe ara wa sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n pè wá.

Kí wọ́n tó pè wá pàápàá, ìlànà wa ti pè wá. Ìlànà kìíní nínú ìlànà méje ẹgbẹ́ àfọwọ́sowọ́pọ̀ káàkiri àgbáyé ni pé ẹgbẹ́ wà fún ẹnikẹ́ni tí ó lè lo ohun tí ẹgbẹ́ ń pèsè, tí ó sì ṣetán láti ru ẹrù ọmọ ẹgbẹ́. Ìlànà náà kò béèrè iye ojú tàbí iye ẹsẹ̀ tí ènìyàn ní. Ohun méjì ni ó béèrè: ṣé o lè lò ó? Ṣé o ó ṣe ojúṣe rẹ?

Àpẹẹrẹ kan wà ní ilẹ̀ Ítálì tí ó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ wa gbọ́. Ní ìlú Trieste, ilé ìwòsàn ńlá kan wà fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé. Àwọn aláìsàn ń gbálẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń fọṣọ, láìgba owó oṣù gidi kan. Ìtọ́jú ni wọ́n ń pè é. Dókítà Franco Basaglia dé ibẹ̀ ní ọdún 1971. Láìpẹ́ sí i, àwọn aláìsàn náà dá ẹgbẹ́ àfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ sì gba iṣẹ́ ìmọ́tótó ilé ìwòsàn náà ṣe gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àgbàṣe. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbá, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ń wọlé, wọ́n sì di ọmọ ẹgbẹ́ tí ń dìbò. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i títí ìjọba Ítálì fi ṣe òfin 381 ní ọdún 1991. Òfin yìí sọ pé ẹgbẹ́ tí a bá dá sílẹ̀ láti fi iṣẹ́ gbé aláìní ró, ó kéré tán ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún (30%) àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bí ó ti tò tẹ̀lé ara wọn: ẹgbẹ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe é, òfin wá bá a lọ́nà.

OHUN TÍ À Ń RÍ NÍNÚ ÌWÉ ẸGBẸ́

Àwa olùbẹ̀wò, ìwé ni a fi ń mọ ẹgbẹ́. Nígbà tí a bá ń yẹ ìwé wò, a kì í rí ibi tí ẹgbẹ́ kan kọ ọ́ sí pé “a kò gba aláàbọ̀ ara.” Kò sí ìwé òfin ẹgbẹ́ kan tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ibi mẹ́rin ni ìdènà máa ń fara pamọ́ sí.

Àkọ́kọ́ ni onídùúró. Ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ pé kí ẹni tí ó fẹ́ yáwó mú ọmọ ẹgbẹ́ méjì wá láti dúró fún un. Aláàbọ̀ ara náà ń dá owó déédéé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan dídúró, olúkúlùkù a máa wojú ara wọn. Ẹ̀yáwó rẹ̀ a sì wà nínú ìwé pẹ̀lú àkọlé pé “kò rí onídùúró.” Ìgbìmọ̀ kò kọ̀ fún un, kò sì rí owó gbà. Òun nìkan ni ó mọ̀ pé kíkọ̀ ni.

Ìkejì ni ibi ìpàdé. Ilé òkè ni, tàbí ìpàdé alẹ́ ní ibi tí kẹ̀kẹ́ arọ kò lè dé. Lẹ́yìn náà, akọ̀wé a bu owó ìtanràn lé e nítorí pé kò wá sí ìpàdé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ sísọ. Adití jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé dé òpin, ó dìbò nígbà tí ó rí i pé ẹlòmíràn nawọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó dìbò fún.

Ìkẹrin ni ìbuwọ́lùwé. Afọ́jú tẹ ìka sí ìwé ẹ̀yáwó tí ẹnikẹ́ni kò kà sí i létí. Bí àríyànjiyàn bá dé, ìwé yẹn kò lè gba ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sì lè gba òun náà sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá bá ìdènà mẹ́rin yìí pàdé yóò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láìjà, yóò sì gba ọ̀dọ̀ olówó èlé lọ. Bí ìyẹn náà bá fọ́ mọ́ ọn lórí, ìta ni ó kù fún un. A sì ní ẹnu láti bú alágbe!

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ Ọ̀RỌ̀ ONÍDÙÚRÓ

Onídùúró ni ó ń dẹ́rù ba ènìyàn jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi òǹkà wò ó. Ká ní aránṣọ kan wà tí kò lè fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí ni ó ń lò, ó sì fẹ́ ra èyí tí ń lo iná kí iṣẹ́ lè yá. Ó ti ń dá ₦6,000 lóṣooṣù fún oṣù 12. Owó rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ jẹ́ ₦72,000. Ìwé òfin ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọmọ ẹgbẹ́ láyè láti yá ìlọ́po méjì ohun tí ó fi pamọ́, ìyẹn ₦144,000. Bí èlé bá jẹ́ ₦10 lórí ₦100 fún ọdún kan, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦14,400. Gbogbo rẹ̀ di ₦158,400. Bí ó bá san án fún oṣù 12, ₦13,200 ni yóò máa san lóṣù.

Nísinsìnyí, kí ni ẹgbẹ́ fi wéwu? Kì í ṣe ₦144,000. Nínú rẹ̀, ₦72,000 jẹ́ owó aránṣọ náà fúnra rẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wa. Ewu tí ó wà nínú owó tí a yá a kò ju ₦72,000 lọ, ewu náà a sì máa dínkù bí ó ti ń san án. Bí onídùúró méjì bá pín in, ₦36,000 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sì rí onídùúró rárá, ká ní ẹgbẹ́ náà ní ọmọ ẹgbẹ́ 80, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì fi ₦1,000 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré gẹ́gẹ́ bí owó ìdúró àjùmọ̀ní, owó náà yóò jẹ́ ₦80,000. Ó ti ju ewu náà lọ. A kò ta owó yìí lọ́rẹ. Inú àpótí ẹgbẹ́ ni yóò wà, a kò sì ní fọwọ́ kàn án àfi bí ẹ̀yáwó bá já. Bí aránṣọ náà bá san tán, owó yìí tún wà níbẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ibí yìí ni òwe náà ti ń ṣiṣẹ́.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

Èkíní, kí ìgbìmọ̀ gbé ọ̀rọ̀ owó ìdúró àjùmọ̀ní yìí wá sí ìpàdé gbogbogbò ọdọọdún. Bí ẹ bá fẹ́ mú un nínú èrè dípò kí ẹ dá a, kí ẹ kọ́kọ́ yọ owó àpamọ́ tí òfin pàṣẹ, kí ẹ dìbò, kí ẹ sì kọ ìpinnu náà sínú ìwé ìpàdé. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan owó àpamọ́ fún èyí. Bí ó bá gba pé kí ẹ tún ìwé òfin ẹgbẹ́ ṣe, ẹ pe olùbẹ̀wò yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, ẹ gbé ìpàdé sí ìsàlẹ̀ ilé. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí káfíńtà tàbí bíríkìlà ṣe ọ̀nà tí ó rọra gòkè sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Sìmẹ́ńtì díẹ̀ àti iyanrìn ni yóò gbà. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, bí adití bá wà láàárín yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́ èdè àfọwọ́ṣe rẹ̀ jókòó tì í, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ kọ kókó ìpàdé sílẹ̀ fún un bí ó bá mọ̀wé kà. Ẹ fi iye owó tí ó san ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Fóònù tí ń ka ọ̀rọ̀ sókè sì ti wà fún afọ́jú. Ẹ máa fi ìròyìn ẹgbẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ka ìwé ẹ̀yáwó sí afọ́jú létí láti òkè délẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́, níwájú ẹlẹ́rìí tí òun fúnra rẹ̀ yàn, kí ó tó tẹ ìka. Kí ẹni tí ó kà á kọ orúkọ àti ibùgbé rẹ̀ sísàlẹ̀. Bí òfin ti ní kí a ṣe fún ẹni tí kò mọ̀wé nìyẹn, ó sì yẹ afọ́jú pẹ̀lú.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń wá akọ̀wé, olùtajà, ẹni tí yóò máa wọn kòkó, tàbí ẹni tí yóò máa dáhùn fóònù, ẹ kọ ọ́ sínú ìkéde pé aláàbọ̀ ara lè kọ̀wé wá. Kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí ó lè ṣe, kí ẹ má ṣe sọ fún un ohun tí kò lè ṣe.

Ẹ̀kẹfà, ẹ rántí òṣìṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. Òfin ọdún 2010 lórí ẹni tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù (1%) sí àpò tí NSITF ń bójú tó. Ẹgbẹ́ tí ó bá gba òṣìṣẹ́ ti di agbanisíṣẹ́. Bí ẹ̀rọ ilé ìfọgàrí bá gé òṣìṣẹ́ yín lọ́wọ́, àpò yẹn ni yóò gbà á, bí ẹ bá ti ń san tiyín.

ÌBÉÈRÈ TÍ WỌ́N SÁBÀ MÁA Ń BÉÈRÈ

“Bí kò bá lè san ńkọ́?” Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ń yáwó ni a gbọ́dọ̀ bi í. Ìwé owó ni kí a wò, kì í ṣe ara. Ẹni tí ó dá owó fún oṣù 12 láìyẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lójúta, ti dáhùn ìbéèrè náà kí a tó béèrè. Bí a bá sì ríi pé òwò tí ó fẹ́ ṣe kò lérè, kí a sọ fún un bẹ́ẹ̀, bí a ti ń sọ fún ẹlòmíràn.

“Kí ló dé tí a kò kàn fún un ní owó àánú?” Àánú kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí a fún ní ₦5,000 lónìí yóò tún padà wá lọ́la, ojú yóò sì máa tì í. Ẹni tí a yá ní owó, tí ó ṣe é lérè, tí ó san án padà, tí a sì pín èrè ọdún fún, kò sí ẹni tí ó lè wò ó níwòkuwò nínú ẹgbẹ́.

“Ṣé kò yẹ kí wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀?” Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́, àwa olùbẹ̀wò yóò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ pé àwa ni a lé wọn lọ síbẹ̀. Adití tí ó wà ní abúlé kan ṣoṣo, ta ni yóò bá dá ẹgbẹ́? Àwọn ará abúlé rẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ìjọba ti ṣe òfin, àjọ wà, iye tí ilé iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ gbà wà nínú ìwé. Kí àwọn tí ó lágbára máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí ó mú un ṣẹ. Ìyẹn dára, a sì gbà wọ́n níyànjú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun kan wà tí ọwọ́ ìjọba kò lè wọ̀, tí ọwọ́ tiwa wọ̀: òun ni ìpàdé oṣooṣù, ìwé ẹ̀yáwó, àti àyè méjì tí a fi sílẹ̀ fún orúkọ onídùúró.

Kí alága ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ètò ìpàdé gbogbogbò tí ń bọ̀. Kí akọ̀wé ka iye aláàbọ̀ ara tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, iye tí ó béèrè ẹ̀yáwó ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àti iye tí ó rí i gbà. Nígbà tí a bá dé fún àyẹ̀wò, a óò béèrè fún òǹkà mẹ́ta yìí. Kì í ṣe láti fi bá ẹnikẹ́ni wí. A fẹ́ kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ ni.